Ó Jẹ Ẹyin Tán, Ó Ní Rárá

Ọjọ́ tí wọ́n yọ eyín mẹ́fà lẹ́nu Màmá Ìbíkúnlé ni Olúfúnṣọ́ kọ́kọ́ fojú kan Ìbíkúnlé. Carrollton ni ilé ìtọ́jú eyín náà wà, ní àríwá Dallas, níbi tí àwọn ará Korea pọ̀ sí. Olúfúnṣọ́ ló máa ń fọ eyín fáwọn èèyàn níbẹ̀, òun náà ló sì máa ń di ọwọ́ wọn mú tí abẹ́rẹ́ bá fẹ́ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti lo ọdún méje ní Texas, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ké "Yéè, orí ìyá mi o!" lórí àga yẹn rí.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ó sọ. "Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Màmá la ojú rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà. Òwú ti kún ẹnu rẹ̀, kò lè dáhùn, ṣùgbọ́n ó gbá ọwọ́ Olúfúnṣọ́ mú, kò sì tú u sílẹ̀ títí eyín kẹfà fi jáde.

Ọmọ rẹ̀ ń dúró níta. Ọkùnrin gíga kan ni, tí kì í tètè sọ̀rọ̀. Ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Lewisville. Láti Ṣakí ni Màmá ti wá kí i fún oṣù mẹ́rin, ibi tó ti ń gbádùn ọmọ rẹ̀ ni eyín ríro ti dé bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n máa fún wọn jẹ?" Ìbíkúnlé béèrè. Ó ń fi "ẹ" bá Olúfúnṣọ́ sọ̀rọ̀, bí ọmọlúàbí ti ń bá ẹni tí kò mọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ògì ńkọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ti ń mu ògì. Wọ́n ní àwọn ò mu ún mọ́. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́."

Missis Han, obìnrin Korea tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń gba orúkọ àwọn aláìsàn, ní kí wọ́n túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún òun. Nígbà tí Olúfúnṣọ́ sọ ọ́ fún un lédè òyìnbó, ó ní ẹyin ni kí wọ́n fún un, ẹyin tí wọ́n fi ooru sè. Kéránjìm ni wọ́n ń pè é nílé tiwọn. Ọmọ tí kò tíì hu eyín ń jẹ ẹ́, àgbà tí eyín rẹ̀ ti tán náà ń jẹ ẹ́. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná.

Lọ́jọ́ kejì, Ìbíkúnlé pe ilé ìtọ́jú eyín, ó ní kí wọ́n fún òun ní "àǹtí tó ń sọ Yorùbá."

"Mo sè é," ó sọ. "Ó di ẹyin díndín tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Màmá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n sì yíjú sí ògiri."

Olúfúnṣọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò sè é rí láyé. Síbẹ̀, kò mọ ohun tó ti í tó fi sọ pé, "Ẹ má ṣèyọnu. Màá sè é wá."

Bí ó ti gbé fóònù sílẹ̀ ló ti ń bi ara rẹ̀ pé, kí ni mo sọ yẹn?

Missis Han kọ́ ọ láàárín àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ó ń fi ọwọ́ júwe. Olúfúnṣọ́ ra ìkòkò amọ̀ dúdú kékeré kan ní ọjà àwọn ará Korea. Ó ra ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n ń bọ̀ fún omi rẹ̀, àlùbọ́sà eléwé, edé oníyọ̀ inú ìgò, àti òróró yánmọtí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sè é nílé rẹ̀ kó tó rí i ṣe. Lẹ́ẹ̀kíní, ìsàlẹ̀ jóná, òkè ń ṣàn bí omi. Lẹ́ẹ̀kejì, ó gbàgbé láti sẹ́ ẹyin náà, ó wá ní kókó bí ẹ̀kọ tí ọmọdé rò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó po ẹyin mẹ́rin, ó sẹ́ ẹ, ó bu omi ẹja náà sí i, kò pọ̀ ju ẹyin lọ. Ó gbé e kaná, ó ń rò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì, lẹ́yìn náà ó dín iná kù, ó sì da abọ́ dé e. Ó dúró. Ooru ń yọ létí abọ́. Nígbà tó ṣí i, ẹyin náà ti wú kọjá ẹnu ìkòkò, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń gbọ̀n bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ewé rẹ̀. Ó pariwo nínú ilé, òun nìkan. Kó tó mú fóònù láti ya àwòrán rẹ̀, ó ti rọlẹ̀. Missis Han ti sọ fún un tẹ́lẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló ń rọlẹ̀, adùn rẹ̀ kò bá a lọ.

Sátidé yẹn, ó wa mọ́tò lọ sí Lewisville. Ní kíṣíìnì Ìbíkúnlé ló ti sè é. Màmá jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú gèlè lórí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Ó tọ́ ọ wò pẹ̀lú ìfura. Ó tún bù ú. Ó jẹ ẹ́ títí ṣíbí fi ń ha ìdí ìkòkò.

"Ọmọ ta ni ọ́?" ó béèrè níkẹyìn.

"Ọmọ Láyíwọlá ni mí, mà. Ará Ìṣẹ́yìn ni wá."

"O káre. Ẹni tó kọ́ ọ nílé kọ́ ọ dáadáa."

Ìbíkúnlé sìn ín jáde. Wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko nínú oòrùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ìwé, ọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń pẹ́ níbí tí kò sì mọ̀ pé òun ti pẹ́. Nígbà tí Olúfúnṣọ́ fẹ́ lọ, Ìbíkúnlé ní, "Fúnṣọ́, wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ o. Tó o bá délé, pè mí." Ó ti fi "ẹ" sílẹ̀. Olúfúnṣọ́ gbé "o" yẹn dání bí ẹni gbé ẹyin, láti Lewisville títí dé Carrollton.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ kà báyìí: "Ẹ ṣeun gan-an o. Màmá ń bèèrè ìgbà tí ẹ tún máa wá. Ọlọ́run á bù kún yín."

Ó kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. "Ẹ" ti padà. "Yín" ti wá kún un. Ṣé òun ṣe nǹkan kan ni?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ fún ọ̀sẹ̀ méje. Ní gbogbo Sátidé, Olúfúnṣọ́ ń gbé ìkòkò dúdú rẹ̀ lọ sí Lewisville. Ojú egbò ẹnu Màmá ti jiná, ó ti lè jẹ ẹ̀wà, ó ti lè jẹ iṣu tó bá rọ̀, síbẹ̀ ẹyin ló ń bèèrè. Ó ti ń pè é ní "ọmọ mi." Lọ́sẹ̀ kan, Ìbíkúnlé á mú un rin etí odò ńlá tó wà ní ìlú wọn, á fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ gorí òkúta. Lọ́sẹ̀ kejì, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá, á jáde lẹ́ẹ̀kan láti kí i kú iṣẹ́.

Ìyá Olúfúnṣọ́ á pè é láti Ìṣẹ́yìn. "Ṣé ó ti sọ pé òun fẹ́ ọ?"

"Kò tíì sọ ọ́, mà."

"Kí lo wá ń bá a ṣe?"

"Mò ń se ẹyin, mà."

Ìyá rẹ̀ á kí i pé ó dàárọ̀, á sì pa fóònù.  Olúfúnṣọ́ kò mọ èyí tí òun jẹ́ nínú ilé Ìbíkúnlé, àfẹ́sọ́nà ni tàbí alásè. Ó tún ń bi ara rẹ̀ ní ohun tó burú ju ìyẹn lọ: ṣé Ìbíkúnlé gan-an ni òun fẹ́, àbí bí àwọn èèyàn méjì yẹn ṣe ń retí òun lọ́jọ́ Sátidé ni òun fẹ́? Láti ọdún méje, kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbì kan.

Ìgbà tí kò lè fara dà á mọ́ ló lọ bá Sister Bridget. Ìjọ kan náà ni òun àti Olúfúnṣọ́ ń lọ, ó sì mọ Ìbíkúnlé níbi ìpàdé àwọn Yorùbá. Nọ́ọ̀sì ni Bridget, ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ìgbéyàwó tó sì ti ṣe alárinà rẹ̀ ní Texas kò ṣeé kà lórí ìka ọwọ́ kan.

"Fi í sílẹ̀ fún mi," Bridget sọ. "Màá fi ọgbọ́n bi í."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, Bridget wá sílé Olúfúnṣọ́. Kò jókòó dáadáa.

"Ó ní òun fẹ́ràn rẹ," ó bẹ̀rẹ̀.

Olúfúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́ fún Màmá. Màmá ní rárá."

"Màmá wo?"

"Màmá mélòó ló ní?"

"Sister, mo wà níbẹ̀ ní Sátidé tó kọjá! Wọ́n jẹ ẹyin mi tán. Wọ́n gbàdúrà fún mi. Wọ́n ní kí n máà jẹ́ kó pẹ́ kí n tó tún wá."

"Mo mọ̀. Mo bi Ìbíkúnlé bóyá nítorí pé ọmọ Ìṣẹ́yìn ni ọ́, ó ní rárá. Mo bi í bóyá nítorí iṣẹ́ rẹ, ó ní rárá. Ó ní ìyá òun kàn mi orí ni, wọ́n ní 'rárá,' wọ́n sì ń bá ẹ̀wà wọn lọ."

"Òun wá ńkọ́? Kí ni òun sọ?"

Bridget wo ilẹ̀. "Ó ní òun kò fẹ́ ko ìyá òun lójú."

Olúfúnṣọ́ kò sunkún. Ó kan jókòó. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ èèyàn, tó ń pe èèyàn lọ́mọ, tó sì ní kí wọ́n má fi èèyàn ṣe aya, irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ká ní ìyá náà kórìíra òun, ì bá rọrùn. Èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀tá gbé.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídè, ó gba àyè níbi iṣẹ́, ó lọ sí Lewisville ní ọ̀sán, ní wákàtí tó mọ̀ pé Ìbíkúnlé kò ní sí nílé. Màmá ló ṣílẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó yà á lẹ́nu.

"O gbé ìkòkò wá?"

"Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá."

"Mo mọ̀. Mo ti ra ìkòkò tèmi. Wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sè é. Tá a bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu á yá."

Kíṣíìnì náà kéré, èjìká wọn ń kan ara wọn. Màmá fọ́ ẹyin mẹ́rin. Olúfúnṣọ́ fi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ hàn án. Ọwọ́ Màmá le ju bó ti yẹ lọ, ó ń rò ó bí ẹni ro àmàlà.

"Ẹ rọra, mà. Ẹyin ni."

"Ẹyin ni lóòótọ́." Ó rọra. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Wọ́n ti sọ fún ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò yé mi. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan fún mi ju oore lọ." Màmá dín iná kù gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, ó da abọ́ dé ìkòkò, ó sì yíjú sí i. "Nígbà tí mo wà ní ọmọge, ìyá bàbá Ìbíkúnlé ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Aládùúgbò wọn ni mo jẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pọn omi fún un, tí mò ń wẹ̀ ẹ́, tí mò ń ro ọkà fún un. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dìde rìn, ó pe ọmọ rẹ̀, ó ní, 'Ìyàwó rẹ rèé.' Ọmọ náà ní, 'Ó dáa, Ìyá.' Báyìí ni mo ṣe dé ilé ọkọ."

"Wọn ò dára sí yín ni, mà?"

"Ó dára sí mi! Kò lù mí, kò fi ebi pa mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni a fi gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi gbé e sin, Fúnṣọ́, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló fẹ́, àbí ìyá rẹ̀ ló fẹ́ mi fún un. Mo fẹ́ bi í. Ojú ń tì mí. Ó kú, mi ò bi í."

Ooru ti ń yọ lábẹ́ abọ́. Àwọn méjèèjì kò kà á sí.

"Ọmọ mi wá bá mi, ó ní, 'Màmá, ṣé kí n fẹ́ Fúnṣọ́?' Mo bi í pé ṣé ó ti bi ọ́. Ó ní rárá, òun fẹ́ kọ́kọ́ mọ ohun tí mo máa sọ. Ìyẹn ni mo ṣe ní rárá. Ọkùnrin tó fẹ́ obìnrin kì í bi ìyá rẹ̀ kó tó bi obìnrin. Tó bá fẹ́ ọ, rárá tèmi kò tó ohun tó máa dá a dúró."

"Ó sì dá a dúró, mà," Olúfúnṣọ́ sọ. 

"Ó dá a dúró." Màmá mú ọwọ́ rẹ̀. "Má wá mọ́, ọmọ mi. Mo fẹ́ràn ẹyin yẹn, ṣùgbọ́n má wá mọ́. Má bá ọ̀nà kíṣíìnì wọ ilé ọkọ."

Òórùn ló rán wọn létí. Ìsàlẹ̀ ẹyin náà ti jóná.

Ojú ọ̀nà freeway ni Olúfúnṣọ́ ti sunkún. Kò mọ ẹni tí òun ń bínú sí. Màmá ló ní rárá, Màmá ló sì dà bí ẹni tó gbèjà òun. Ìbíkúnlé ló ní òun fẹ́ràn òun, òun ló sì jókòó tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ náà dà bí aṣọ tí wọ́n wọ̀ sódì, kò mọ ibi tí ọwọ́ yẹ kó gbà.

Sátidé dé, kò lọ. Sátidé kejì dé, kò lọ. Ìbíkúnlé pè é.

"Fúnṣọ́, Màmá ń bèèrè rẹ."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀n?"

"Mo ní, ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ ń bèèrè?"

Ìbíkúnlé tún ní Màmá fẹ́ rí i.  Olúfúnṣọ́ rọra pa fóònù.

Ìparí oṣù yẹn ni Màmá padà sí Ṣakí pẹ̀lú eyín tuntun tí wọ́n ṣe fún un. Bridget ló sọ fún Olúfúnṣọ́ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Wọ́n ti lọ. Kò tún sí ìdí fún Ìbíkúnlé láti pè ọ́ mọ́." Olúfúnṣọ́ mi orí. Bí wọ́n bá bi í léèrè nígbà yẹn bóyá ó bàjẹ́ nínú tàbí ara fúyẹ́ ẹ, kì bá mọ èyí tó máa mú.

Sátidé tó tẹ̀lé e, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n kanlẹ̀kùn. Ó ń se ẹyin lọ́wọ́, fún ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti wá mọ́ ọn lẹ́nu. Ìbíkúnlé ló dúró níbẹ̀. Ó ti ge irun, kò sì mú nǹkan kan lọ́wọ́.

"Mo ti jẹun kí n tó wá," ó sọ kí ó tó kí i pàápàá.

"Kí ló dé?"

"Kó má baà dà bíi pé oúnjẹ ni mo bá wá."

Olúfúnṣọ́ wò ó títí. Ó yà fún un, Ìbíkúnlé wọlé. Olúfúnṣọ́ padà sídìí iná nítorí ẹyin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìbíkúnlé ń bá sọ̀rọ̀.

"Mi ò ní purọ́ fún ọ. Nígbà tí Màmá ní rárá, ara fúyẹ́ mi. Mo rò pé wọ́n ti gbé ẹrù kúrò lórí mi. Ẹ̀rù ìgbéyàwó ń bà mí, mi ò mọ̀ ọ́n sọ, mo wá ń wá ẹni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá fún mi. Sátidé tí o ò wá, mo jókòó sí kíṣíìnì. Màmá sè é fúnra wọn, ó wú, ó dùn. Mi ò lè jẹ ẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹyin. Síbẹ̀ mo tún pè ọ́, mo tún fi orúkọ Màmá bojú."

"Kí ló dé tí ìgbà kan á jẹ́ 'o,' ìgbà kan á jẹ́ 'ẹ'?"

"Ìgbà tí mo bá ti sún mọ́ ọ jù lọ ni mo máa ń sá padà sínú 'ẹ.'"

Olúfúnṣọ́ ṣí abọ́. Ẹyin náà wú, ó ń gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó, ó sì ń jẹ ẹ́. Kò fi lọ̀ ọ́. Ìbíkúnlé dúró.

"Fúnṣọ́, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀ níbí. Màmá kò mọ̀. Bridget kò mọ̀. Ìwọ ni mò ń bi."

Ó jẹ ṣíbí méjì sí i. Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, ìbẹ̀rù sì wà láàárín méjèèjì.

"Mi ò mọ̀," ó dáhùn níkẹyìn. "Òótọ́ ni mò ń sọ. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni lónìí, mi ò mọ̀ bóyá ìwọ ni mo gbà fún, tàbí àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ méje yẹn. Lọ sílé. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó o tún bi mí."

"Tí o bá tún ní o ò mọ̀ ńkọ́?"

"O á tún padà wá. Àbí o ò ní wá?"

 "Màá wá."

Ó wá. Ó bi í. Olúfúnṣọ́ ní òun kò tíì mọ̀, wọ́n sì jọ jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ bàbá Ìbíkúnlé tó kú, ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó já Olúfúnṣọ́ kulẹ̀ ní Ìbàdàn. Sátidé kẹta, òjò àti yìnyín ń rọ̀ débi pé rédíò ní kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ó dé ní aago méjìlá, aṣọ rẹ̀ tutù rinrin. Ó bi í. Olúfúnṣọ́ fún un ní aṣọ ìnura, kò dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín lásán níwájú dígí.

Sátidé kẹrin, kí Ìbíkúnlé tó parí ìbéèrè, Olúfúnṣọ́ ní, "Mo gbà."

"Jẹ́ kí n bi í tán ná!"

"Bi í tán. Mo ṣì gbà."

Àwọn méjèèjì ló jọ pe Màmá ní Ṣakí, ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ níbẹ̀. Ìbíkúnlé ló sọ̀rọ̀.

"Màmá, mo ti bi Fúnṣọ́. Ó ní òun gbà. A ti ń ṣètò bí ẹbí wa á ṣe lọ rí bàbá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn. Mi ò pè yín láti gbàṣẹ, mà. Mò ń sọ fún yín ni."



"Gbé fóònù fún un," Màmá sọ.

Olúfúnṣọ́ gbà á. "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà."

"Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀melòó ló bi ọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin, mà."

Ohùn kan jáde lẹ́nu ìyá àgbà náà, kò yé Olúfúnṣọ́ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin," Màmá sọ. "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."